Kí Ohun Tí Ọmọ Gbà Ní Kámpù Má Ṣe Parí Sí Kámpù

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní oṣù Keje, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ lọ sí kámpù. Scripture Union, tí tẹrú tọmọ mọ̀ sí SU, á ṣe ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìjọ Onítẹ̀bọmi á kó àwọn ọmọkùnrin Royal Ambassadors lọ síbi kan, wọ́n á kó àwọn ọmọbìnrin Girls' Auxiliary lọ síbòmíràn. Ìjọ Deeper Life ní Success Camp tiwọn. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tí apá rẹ̀ kò ká a á tọrọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lò, wọ́n á tẹ́ ẹní àti mátírẹ́ẹ̀sì sínú kíláàsì, kámpù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó ń lọ sí i, àwọn tó ń darí rẹ̀ kì í sì í fojú ba oorun. Síbẹ̀, nínú gbogbo ètò tí à ń ṣe, ọjọ́ tí ọmọ máa padà sílé ni a kì í ṣètò fún. A máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí bọ́ọ̀sì bá já wọn sílẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Lójú tèmi, ìdajì iṣẹ́ náà ló kù, ọwọ́ àwa tí a wà nílé ló sì wà.

Iṣẹ́ kíkó ọmọ jọ nígbà ìsinmi ti pẹ́. Ní 1867, ní Lọ́ńdọ̀nù, Josiah Spiers bẹ̀rẹ̀ ìpàdé kan fún àwọn ọmọdé, ó sì mú un rọrùn fún wọn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lọ́nà tó bá ọjọ́ orí wọn mu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lọ sinmi ní Llandudno, ìlú etí òkun kan ní Wales. Ó kọ ọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ Ọlọ́run sórí iyanrìn, ó ní kí àwọn ọmọ tó wà nítòsí wá bá òun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ pẹ̀lú ohun tí wọ́n bá rí ṣà ní etí omi. Inú iṣẹ́ yẹn ni Scripture Union ti jáde, ó sì dé Nàìjíríà ní 1884. Ohun tí mo fẹ́ kí òbí dì mú nínú ìtàn yìí ni pé ọwọ́ àwọn ọmọ ni ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé. Wọ́n tẹ̀ balẹ̀, wọ́n ṣa nǹkan, wọ́n tò ó, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kámpù òde òní náà kò yàtọ̀. Ọmọ gbọ́ ìwàásù níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún sùn níbi tí kò mọ̀ rí, ó fọ aṣọ ara rẹ̀, ó tò fún oúnjẹ, ó bá ọmọ ẹlòmíràn jà nítorí bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì parí ìjà náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo rẹ̀ ló lọ́ mọ́ra wọn nínú rẹ̀. Òbí tó bá béèrè pé "Kí ni wọ́n kọ́ yín?" tó sì dúró síbẹ̀, díẹ̀ ló máa rí gbọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó sùn. Orin ti há a lóhùn. Aṣọ tútù àti gbígbẹ ti dàpọ̀ nínú báàgì rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti sọnù, oúnjẹ ilé ló ń wù ú jẹ. Ìgbà yẹn kọ́ là ń pe gbogbo ará ilé jọ pé kó wá jẹ́rìí. Nínú Ìhìn Rere Máàkù orí kẹfà, lẹ́yìn tí Jésù ti rán àwọn àpọ́sítélì jáde ní méjì-méjì, wọ́n padà wá, wọ́n sì ròyìn gbogbo ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n kọ́ àwọn èèyàn fún un. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé wọn ò ráyè jẹun. Jésù mú wọn kúrò níbẹ̀ pé kí wọ́n lọ sinmi díẹ̀ níbi tó dá. Etí tó gbọ́ àti ìsinmi ló fi pàdé wọn. Ẹ fún ọmọ ní omi ìwẹ̀, ẹ fún un ní oúnjẹ tó fẹ́ràn, kó sùn. Ìyá tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ka táwẹ̀lì àti síbí tó sọnù ti pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu kó tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, bí a bá mọ bí a ṣe ń béèrè. "Báwo ni kámpù?" kì í mú èsì wá ju "Ó dáa" lọ. Ìbéèrè náà ló fẹ̀ jù fún ọmọdé. Ẹ béèrè ohun tó fojú rí. Ta ló sùn tì ẹ́? Kí lẹ jẹ láàárọ̀ Wẹ́sídeè? Orin wo ni ẹgbẹ́ yín fi gba ipò kìíní? Àńtí tó ń bójú tó yín, kí ni wọ́n máa ń sọ bí ẹ bá ń pariwo lóru? Inú irú ìtàn wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ máa ń sá pamọ́ sí. Ọmọ á máa ròyìn bí wọ́n ṣe pín ẹran, pé àwọn jẹ́ mẹ́fà tí ẹran sì jẹ́ márùn-ún, á wá sọ pé ọmọ kan gé tirẹ̀ sí méjì fún òun. Ibẹ̀ lẹ ti lè bi í pé, "Kí lo rò lọ́kàn nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀?" Ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ fún un.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá ọmọkùnrin tó ti ń di géńdé, kì í lè sọ tinú rẹ̀ bí òbí bá jókòó tó tẹjú mọ́ ọn. Ẹ gbé ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín sáàárín, kí ẹ jọ máa bó o. Ẹ jọ fọ mọ́tò. Ẹ jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Nígbà tí ìwé Diutarónómì orí kẹfà ń sọ fún àwọn òbí Ísírẹ́lì ibi tí wọ́n á ti máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ nípa àṣẹ Ọlọ́run, inú ilé ló dárúkọ, ó dárúkọ ojú ọ̀nà, ó dárúkọ ìgbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n bá dìde. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ fún un ní bébà àti pẹ́ńsù, kó ya kámpù náà fún yín: ibi tí wọ́n ń sùn, ibi ìjẹun, ibi tí wọ́n dáná sí lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Bó bá ti ń yà á lá máa ṣàlàyé, nígbà tó bá yá á nawọ́ sí igun kan pé ibẹ̀ lòun ti gbàdúrà.

Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Agbára káká ni kámpù kan fi máa wà tí wọn kò ní sọ pé kí ọmọ mú ìwé kékeré àti bírò dání. Ìwé náà á ti rún, epo jọ̀lọ́ọ̀fù á ti kán sí èèpo rẹ̀. Kí bàbá tàbí ìyá kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé mo lè bá ẹ kà á?" Bó bá ní rárá, kí wọ́n dá a padà fún un láìsí ìbínú. Bó bá gbà, kí wọ́n jọ ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rí àkòrí kámpù tó fi bírò pupa fà lábẹ́, ibi kíkà ojoojúmọ́, àkọ́sórí, orúkọ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọ̀rẹ́ tuntun ní ẹ̀yìn ìwé pátápátá. Ìkọ̀wé ọjọ́ kìíní á mọ́ tónítóní, ti ọjọ́ kẹrin á rí wúruwùru nítorí oorun. Láàárín wọn, ojú ewé kan lè wà tó jẹ́ pé gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àdúrà tàbí ìpinnu, tí kò sí nínú ohun tí olùkọ́ ní kí wọ́n kọ. Ẹ dúró níbẹ̀. Bó bá ṣi sípẹ́lì, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ àmúrelé.

Ti àkọ́sórí, ọ̀nà kan wà tó dájú. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí àyẹ̀wò tó fi ara rẹ̀ ṣe nípa ìrántí. Ó rí i pé wákàtí àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ gan-an ni ọ̀pọ̀ ohun tí èèyàn kọ́ ti ń fò lọ, àti pé ẹni tó ń padà sí i láti ìgbà dé ìgbà ló ń rí i dì mú. Nítorí náà, ọmọ tó kọ́ ẹsẹ Bíbélì mẹ́fà ní kámpù tí ẹnikẹ́ni ò tún bi í mọ́, kò ní pẹ́ kó tó gbàgbé márùn-ún. Ẹ jẹ́ kó mú ẹyọ kan wá sí àdúrà òwúrọ̀ ilé, kó kọ́ gbogbo yín títí ẹ̀yin náà á fi mọ̀ ọ́n. Inú ọmọ máa ń dùn láti rí bàbá rẹ̀ tó gbàgbé ìparí ẹsẹ, kó sì rán an létí. Kí wọ́n tún un kà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ẹyọ méjì tó dúró sàn ju mẹ́fà tó fò lọ.

Àwọn ọmọ kan wà tí wọn ò ní sọ púpọ̀ láìka gbogbo èyí sí. Òbí kì í fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí, wọ́n á ní owó àwọn ti ṣòfò. Ẹ ka ìparí Lúùkù orí kejì. Ọmọ ọdún méjìlá ni Jésù nígbà tó dúró sẹ́yìn nínú tẹ́ńpìlì láàárín àwọn olùkọ́. Ohun tó sọ fún Màríà àti Jósẹ́fù nígbà tí wọ́n rí i kò yé wọn. Ìyá rẹ̀ pa gbogbo rẹ̀ mọ́ lọ́kàn, ọmọ náà sì bá wọn padà sí Násárẹ́tì, ó ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ìyá tí ọ̀rọ̀ ọmọ kò tíì yé lè dúró bí Màríà ti dúró. Nígbà míì, ó di oṣù Kejìlá, lójú ọ̀nà àjò ọdún, kí ọmọ tó ṣàdédé sọ pé, "Mọ́mì, nígbà tá a lọ kámpù yẹn..."

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Gbólóhùn kan wà tó ti ba ìpinnu ọmọ jẹ́ ju ìdẹwò lọ, ẹnu àwa òbí ló sì ti ń jáde: "Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní kámpù nìyí?" Ọmọ gbàgbé láti fọ abọ́, gbólóhùn yẹn. Ó bá àbúrò rẹ̀ jà, gbólóhùn yẹn. Ó jí pẹ́, a tún sọ ọ́, a sì ń fi kún un pé "Ìwọ tó o ní o ti yí padà!" Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìpinnu tí ọmọ fi omijé ṣe níwájú Ọlọ́run ti di pàṣán lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni ọmọ á kọ́ níbẹ̀: pé kò yẹ kí èèyàn sọ ohun rere tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òun fún ará ilé, nítorí wọ́n á fi mú un, àti pé ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, irọ́ ni gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwa àgbàlagbà tí a ti ń gba ara Olúwa láti ogún ọdún ṣì ń bínú sódì. Kí ló dé tí ọmọ ọdún mẹ́wàá á fi di ẹni pípé nítorí ọjọ́ márùn-ún? Bó bá ṣẹ̀, ẹ bá a wí fún ohun tó ṣe gan-an. Abọ́ tí kò fọ̀, abọ́ ni ẹ bá a sọ. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún là ń fi fà á mọ́ra, kámpù sì yẹ kó wà lápá ọ̀tún. Lálẹ́, nígbà tí inú bá ti rọ̀, ẹ lè sọ fún un pé, "Mo rántí ohun tó o sọ pé o fẹ́ ṣe. Ó nira, àbí? Báwo ni mo ṣe lè ràn ẹ́ lọ́wọ́?"

Ìrànlọ́wọ́ tó ṣe pàtàkì jù ni ká bá ọmọ sọ ìpinnu ńlá di nǹkan kékeré tó ṣeé ṣe. Ọmọ máa ń ti kámpù dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gbàgàdà: "Mo fẹ́ yí padà," "Mo fẹ́ fi ayé mi fún Jésù pátápátá." Ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹ bi í pé, láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí la máa rí? Ẹ wo Sákéù nínú Lúùkù orí kọkàndínlógún. Kò sọ pé òun á máa ṣe dáadáa. Ó ní ìdajì ohun ìní òun á lọ fún àwọn aláìní, ẹni tí òun bá sì rẹ́ jẹ, ìlọ́po mẹ́rin lòun á san padà. Ohun tó ṣeé kà ló sọ. Ọmọ náà lè sọ ohun tó ṣeé kà: òun á ka Bíbélì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kóun tó tan tẹlifíṣọ̀n, òun ò ní pe àbúrò òun ní olódo mọ́, òun á dá pẹ́ńsù ọmọ kíláàsì òun padà. Nǹkan kan ṣoṣo, tàbí méjì, fún oṣù kan. Ọmọ tó bá kọ mẹ́wàá sílẹ̀, ẹ bá a yan èyí tó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, kí ìyókù dúró dè é nínú ìwé rẹ̀.

Òbí náà sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Ọmọ tó ní òun fẹ́ máa ka Bíbélì láràárọ̀ nínú ilé tí Bíbélì kì í ti í ṣí títí di ọjọ́ Ìsinmi, ẹrù ọ̀hún á wúwo jù fún un láti dá gbé. Ẹ ra ìwé ìtọ́sọ́nà kan fún un. SU ní Daily Power fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì ní Daily Guide fún àgbàlagbà. Ẹni tó bá ra tọmọ lè ra tara rẹ̀ mọ́ ọn. Kí òbí jí, kó jókòó ka tirẹ̀ níbi tí ọmọ á ti rí i. Ọmọ kékeré tí kò tíì lè dá kàwé, ẹ kà á fún un, kó sọ ìtàn náà padà fún yín lẹ́nu ara rẹ̀, bó bá tiẹ̀ fi kìnnìún kún un níbi tí kò sí.

Ìpinnu kan wà tó gba ọgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun ni ti ìjẹ́wọ́ àti dídá ohun tí a jí padà. Àwọn kámpù wa máa ń tẹnu mọ́ ọn gan-an. Ọmọ á wá bá ìyá rẹ̀ ní yàrá lálẹ́, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa fi ìka yí etí aṣọ rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo mú ₦500 inú báàgì yín lọ́jọ́sí." Ìyá rántí pé ọmọ ọ̀dọ̀ lòun fẹ̀sùn náà kàn. Ohun tó bá ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn ló máa sọ bóyá ọmọ náà tún máa jẹ́wọ́ ohunkóhun fún un láyé. Bó bá gbá a létí, ó ti kọ́ ọ pé irọ́ ló ní ààbò. Bó bá kàn ní "Kò sí wàhálà, ọkọ mi, lọ sùn," ó ti sọ ohun tó wúwo di yẹpẹrẹ. Kó kọ́kọ́ fà á mọ́ra, kó dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́. Kí wọ́n gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jọ sọ bí owó náà á ṣe padà, díẹ̀díẹ̀ láti inú owó tí wọ́n ń fún un, tàbí nípa iṣẹ́ ilé tó yàtọ̀ sí tojoojúmọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn náà ńkọ́? Kí ìyá àti ọmọ jọ lọ bẹ̀ ẹ́. Kí ìyá ṣáájú, torí òun ló fẹ̀sùn kàn án. Bí nǹkan ẹlòmíràn níta bá sì ni, ẹ tẹ̀ lé ọmọ lọ, ṣùgbọ́n kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí fóònù, kò gbọdọ̀ di ìtàn nínú ìpàdé àwọn ìyá.

Èyí kan ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé kámpù, wọ́n á to àwọn ọmọ síwájú pẹpẹ, kí olúkúlùkù gba máíìkì. Ó dáa kí ìjọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, kì í pẹ́ mọ ohun tí àgbà fẹ́ gbọ́. Bí ọmọ àkọ́kọ́ bá sọ pé òun rí ìran tí gbogbo ìjọ sì hó "Haleluyà!", ẹ̀rù á ba ọmọ kẹta láti sọ pé òun kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún ọ̀tá òun ní kíláàsì. Tàbí kó wá ìran kan mọ́ tirẹ̀. A ti wá sọ ọmọ di onírọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Kí olùkọ́ jókòó pẹ̀lú wọn ṣáájú, kó jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹni tó fẹ́ kọrin kọrin, kí ẹlòmíràn gbé àwòrán tó yà sókè, kí ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan jókòó. Kí ó sọ fún wọn pé ohun kékeré tó jẹ́ òótọ́ tó. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin ará Gerasa tí Jésù wò sàn nínú Máàkù orí karùn-ún fẹ́ tẹ̀ lé e lọ, ilé ni Jésù rán an sí, pé kó lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn ará ilé, tó mọ bí a ṣe rí tẹ́lẹ̀, ni ìjọ tó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ jẹ́rìí fún. Àbúrò rẹ̀ tí owó kò tó láti rán lọ wà nínú wọn, ojú sì ń pọ́n ọn. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n kọ́ ọ ní orin kámpù àti eré ibẹ̀, kó má kàn máa ròyìn ohun tí kò jẹ fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè gbé fídíò omijé ọmọ sí Facebook tàbí WhatsApp. Ọmọ náà á dàgbà, fídíò náà á ṣì wà níbẹ̀.

Ìtara máa ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn dé. Nílẹ̀ Yorùbá, kò wọ́pọ̀ kí ìdílé kan jẹ́ Kristẹni látòkèdélẹ̀. Bàbá àgbà lè jẹ́ Alhaji, ẹ̀gbọ́n bàbá lè máa bọ Ògún nílé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ti kámpù dé, ó ní òun ò jẹ ẹran iléyá mọ́, ó pe bàbá àgbà ní kèfèrí lójú gbogbo ẹbí. Ẹ má pa ìgbàgbọ́ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó fi ìgbàgbọ́ tàbùkù àgbà. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀: ó lè kọ ohun tí ọkàn rẹ̀ ò gbà, kó fi orúnkún kanlẹ̀ kọ̀ ọ́. Bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá wà nínú Òfin Mẹ́wàá tó kà ní kámpù. Ọmọ tó bá bàbá àgbà rẹ̀ pọn omi, tó jókòó tì í, tó sì ń gbàdúrà fún un lójoojúmọ́, ti wàásù ju ẹni tó dúró bú u lọ. Bákan náà, ọ̀dọ́ tó bá ní òun fẹ́ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje gbáko, ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ bá a sọ ọ́ mọ níwọ̀n. Ara rẹ̀ ṣì ń dàgbà.

Ìgbà míì wà tí ohun tí ọmọ máa sọ kò ní jẹ́ ohun ayọ̀. Ó lè jẹ́ ní kámpù gan-an ni ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, tàbí kó jẹ́ pé ìwàásù ibẹ̀ ló fún un ní ìgboyà láti sọ ohun tí aládùúgbò kan ti ń ṣe fún un tipẹ́. Ẹ má pariwo. Ẹ má bi í pé kí ló wá lọ síbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ wà, DSVA ni wọ́n ń pè é. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003. Ẹni tó bá ní kí ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ láàárín ara wa nínú ọ́fíìsì pásítọ̀, ẹ má gbọ́ tirẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀ tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí kámpù, iṣẹ́ kan kù fún yín. Òbí kì í mọ ohun tó yẹ kó béèrè nítorí pé kò mọ ohun tí ẹ kọ́ ọmọ. Ẹ tẹ bébà kan ṣoṣo: àkòrí, ibi kíkà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àkọ́sórí, orin kan tàbí méjì, àti ìbéèrè mẹ́ta tí òbí lè bi ọmọ. Ẹ fi lé òbí lọ́wọ́ nígbà tó bá wá mú ọmọ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn tó fẹ́ ẹ ní Yorùbá. Ẹ fún olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi náà ní tirẹ̀, kí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e má lọ sí ọ̀nà mìíràn pátápátá. Àwọn kámpù kan máa ń ní kí ọmọ kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á fi pamọ́, wọ́n á dá a padà fún un nígbà Kérésìmesì. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Àǹfààní tí Royal Ambassadors àti Girls' Auxiliary ní lórí àwọn mìíràn náà ni pé ìpàdé wọn ń lọ látọdún dé ọdún, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí di ọjọ́ tí wọ́n á dé àwọn ọmọbìnrin ládé níwájú ìjọ. Kámpù tiwọn ní ibi tó ń padà sí. Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pe àwọn ọmọ tó lọ jọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀wà, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n bá ìpinnu wọn dé. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, kí ẹnìkan ran ọmọ lọ́wọ́ láti rí ẹgbẹ́ SU tó wà nílé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti máa pàdé àwọn tí wọ́n jọ ń gbìyànjú ohun kan náà.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ti kámpù bọ̀ lọ́dún yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ tó bá dé. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé fóònù sí yàrá, kí ẹ jókòó tì í kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán kí ẹ tó sọ tiyín.